Ìyẹ̀fun Kì Í Gbé Irin: Ọ̀rọ̀ Creatine àti Àgbà Tó Fẹ́ Dá Dìde Fúnra Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìṣubú àgbà kọjá òwe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé nínú gbogbo ìjàm̀bá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fà tó ń gba ẹ̀mí ènìyàn kárí ayé, ìṣubú ló ṣe ìkejì, àti pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló ń pa jù lọ. Àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ kì í ráyè wo ẹ̀yìn nígbà tó bá ṣubú. Ilẹ̀ ni yóò wà títí ẹlòmíràn yóò fi wá gbé e.

Ní etíkun Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ agbára ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti Àjárá dé Gbẹ̀rẹ̀fù, títí dé ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, agbára apá àti ti ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun láti ìran dé ìran. Ọkùnrin ń fa àwọ̀n láti inú òkun wá sórí iyanrìn. Obìnrin ń ru agbọ̀n ẹja lọ síbi ààrò. Wọ́n ń wa ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, wọ́n ń ka àgbọn, wọ́n sì ń là á. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ iṣẹ́ níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí etí àgbà bá nà sí ìròyìn ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ní ó ń dá agbára padà, èyí tí ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ń pò mọ́ omi mu, tí ọmọ tó wà lókè òkun sì lè fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Creatine ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnu méjì ni àwọn ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní májèlé ni, pé kò sí ẹni tí yóò mu ún tí kídìnrín rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Àwọn kan ní àjídèwe ni, pé arúgbó tó bá mu ún yóò padà di géńdé. Ìhà méjèèjì ló ṣìnà. Fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, creatine kì í ṣe májèlé. Fún ẹni tó jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, kì í ṣe àjídèwe. Olùrànlọ́wọ́ iṣẹ́ ni. Níbi tí iṣẹ́ kò bá sí, kò ní ẹni tí yóò ràn lọ́wọ́.

Nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì sí ara ènìyàn. Ọdún 1832 ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i nínú ẹran, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹran sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ń ṣe nǹkan bíi gíráàmù 1 rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran àti ẹja déédéé ń rí nǹkan bí ìwọ̀n kan náà nínú oúnjẹ rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tó wà lára, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ló ń gbé inú iṣan. Ẹja wà lára oúnjẹ tó ní in jù, pàápàá ẹja herring, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ṣáwá: kílò kan rẹ̀ ní tútù lè ní tó gíráàmù 6 sí 10. Ẹran màlúù ní nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 nínú kílò kan. Ṣùgbọ́n iná tó bá pẹ́ lórí ẹja tàbí ẹran a máa dín in kù. Ẹni tó bá fẹ́ rí gíráàmù 3 lóòjọ́ nínú oúnjẹ nìkan yóò ní láti jẹ tó ìdajì kílò ṣáwá lójúmọ́, tàbí ẹran màlúù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní owó rẹ̀, kò sì ní ikùn tí yóò gbà á.

Iṣẹ́ tí creatine ń ṣe nínú ara dà bíi ti igi gbígbẹ tí ìyá tó ń yan ẹja tò sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Òun kọ́ ni iná, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá fẹ́ lọlẹ̀, òun ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń bà. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ohun tó gba agbára lójijì, bíi kí ó dìde lórí àpótí tàbí kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, creatine tó wà nínú iṣan ló ń tètè dá agbára tí a ná padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí ó bá pọ̀ nípamọ́, ẹni tó ń gbé irin lè gbé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Àfikún kékeré yìí, bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ni ara ń sọ di iṣan àti agbára. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá to igi jọ títí dé àjà, tí kò sì dáná, ẹja kò ní gbẹ.

Ọdún 1992 ni Roger Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé creatine tí ènìyàn bá mu ń wọ inú iṣan, ó sì ń pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ìdárayá ti gbá a mú. WADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn tí kò tọ́ nínú eré ìdárayá lágbàáyé, kò kà á sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí ara àgbà, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rí ọ̀kan gbe èkejì. Ní 2017, Philip Chilibeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà kó ìwádìí 22 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn 721 lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn wà láàárín 57 sí 70 ọdún. Gbogbo wọn ló ń gbé irin ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń mu creatine, àwọn yòókù ń mu ìyẹ̀fun lásán láìmọ̀. Ẹran ara aláìlọ́ràá tí àwọn tó mu creatine jèrè fi nǹkan bíi kílò 1.4 ju ti àwọn yòókù lọ, agbára àyà àti ti ẹsẹ̀ wọn náà sì pọ̀ jù. Èrè náà kò tóbi tó bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù fún àgbà kò ti ẹnu ọlọ́jà wá, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti wá. Ní 2016, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ọ́ di òfin pé olùtajà lè kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé creatine ń fi kún àǹfààní tí gbígbé irin ń ṣe fún agbára iṣan ẹni tó ti lé ní 55 ọdún. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dá ìyẹ̀fun dá iṣẹ́. Ó ní kí a sọ fún olùrà pé àwọn tó ti lé ní 55 ọdún tó ń gbé irin déédéé ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, pé gíráàmù 3 ni yóò máa mu lójúmọ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán ni yóò máa gbé irin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti pé irin náà gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀, kí ó tó ìdá 65 sí 75 nínú 100 ohun tí agbára rẹ̀ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ irin kúrò nínú gbólóhùn yìí ti yọ ẹ̀mí kúrò lára rẹ̀.

Pé iṣẹ́ ló ń ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1994, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn arúgbó 100 tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87. Fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn kan fi ẹsẹ̀ gbé irin, àwọn kan mu oúnjẹ olómi aṣaralóore, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn yòókù kò ṣe ọ̀kankan. Agbára àwọn tó gbé irin ju ìlọ́po méjì lọ, ìrìn wọn yá sí i, àwọn mìíràn sì lè gun àtẹ̀gùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ olómi nìkan kò fi agbára kankan kún ti ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ náà kì í ṣe creatine, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀: kò sí ohun tí a lè tú sínú ife tó lè dípò ohun tí a gbé.

Ibi kan sì wà tí ìyẹ̀fun náà kò dé. Wọ́n ti ń polówó rẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà pé yóò ki eegun wọn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Kánádà tẹ èsì ìwádìí ọlọ́dún méjì jáde lórí obìnrin 237 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí wọ́n ń gbé irin, tí wọ́n sì ń rìn fún eré ìdárayá. Creatine kò fi nǹkan kan kún bí eegun wọn ṣe ki tó. Ìyá tó bá ra creatine nítorí eegun ti ra ohun tí kò sí nínú ike náà.

Kí ló wá sọ àgbà di aláìlágbára ná? Ọjọ́ orí ní ọwọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn 30 ọdún, ènìyàn ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 sí 8 nínú 100 iṣan rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́yìn 60, ó máa ń yára sí i. Ọdún 1989 ni Irwin Rosenberg, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fún ìpàdánù yìí ní orúkọ, ó pè é ní sarcopenia. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àti láàárín àwọn ọmọ Ògù tí wọ́n ni Àgbádárìgì, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí àgbà gbé ẹrù lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín gbé e." "Màmá, ẹ jókòó, kí lẹ fẹ́ mú?" Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n iṣan kò mọ ìfẹ́, iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Bàbá tó ń fa àwọ̀n títí di 60 ọdún, tí àwọn ọmọ wá gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ra ẹ̀ńjìnnì sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n gba korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé àga sí ìsàlẹ̀ igi àgbọn fún un, ara rẹ̀ ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àga tí wọ́n gbé fún un kò ní ṣeé dìde lórí rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè. Ìgbà náà ni wọn yóò wá máa wá ìyẹ̀fun kiri.

Àwọn kan yóò ní apẹja kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní gbígbé nǹkan, nítorí iṣẹ́ agbára ni ó ti ń ṣe láti kékeré. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé. Iṣẹ́ òòjọ́ máa ń fa ibi kan náà lára ní gbogbo ìgbà, ó máa ń mú ẹ̀yìn dunni, kì í sì í fún ara ní àyè ìsinmi. Gbígbé irin fún ìlera ní ètò: ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kan ẹsẹ̀, àyà, ẹ̀yìn àti apá, ó sì ń fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Kò pọn dandan kí irin náà wá láti ilé ìtajà olówó gọbọi. Dídìde àti jíjókòó lórí àpótí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rere. Kẹ́ẹ̀gì tí a bu omi sí ní ìwọ̀n tí apá gbà ń ṣiṣẹ́ irin. Agolo tí a rọ sìmẹ́ǹtì sí, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe ní àdúgbò, ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti lé ní 65 ọdún máa ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fi eré tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kún un ní ọjọ́ mẹ́ta.

Kò sì yẹ kí obìnrin rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbajúmọ̀ kárí ayé nínú gbígbé irin láàárín àwọn akanda ẹ̀dá, àwọn obìnrin ló sì gbé e dé ibẹ̀. Lucy Ejike, tó ti gba góòlù ní ìdíje Paralympics láti 2004, ṣì gba bàbà ní ìdíje Tokyo nígbà tó ti lé ní 40 ọdún. Folashade Oluwafemiayo gba góòlù ní Tokyo, ó tún gba òmíràn ní Paris ní 2024. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń sọ pé ìyẹ̀fun kan ló gbé wọn débẹ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé irin kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni ẹni tó gbé e, kì í sì í béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kídìnrín ló kù, òun ló sì gba àlàyé jù. Nígbà tí iṣan bá lo creatine, ohun tó ń ṣẹ́kù ni creatinine. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ sí kídìnrín, kídìnrín a sì dà á síta pẹ̀lú ìtọ̀. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń wọn creatinine inú ẹ̀jẹ̀: bí ó bá ga, wọn a fura pé kídìnrín kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ń mu creatine lè ní creatinine tó ga díẹ̀ láìjẹ́ pé kídìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Igi tó wọ ààrò ló pọ̀ sí i, eérú náà sì pọ̀ sí i. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kó eérú ti di ọ̀lẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú ìbẹ̀rù ìyẹ̀fun náà ti wá. Ní 2017, International Society of Sports Nutrition gbé gbogbo ẹ̀rí yẹ̀ wò, ó sì sọ pé títí dé gíráàmù 30 lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún, kò sí ìpalára tí wọ́n rí lára àwọn tí ara wọn le. Gíráàmù 3 sí 5 ni ènìyàn nílò.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀: àwọn tí ara wọn le. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àrùn tó ń ba kídìnrín jẹ́ jù, wọn kì í sì í pariwo nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ti fi ọwọ́ ara wọn fi kún un: oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, àti àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan creatine àyàfi tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní kí ó mu ún. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ná. Ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú, bí ó bá ti dàgbà, ó yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà lè mọ ibi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀.

Ìjòyè ọ̀rọ̀ níbí ni òtítọ́ láàárín àgbà àti dókítà. Ẹni tó bá fi creatine pamọ́ fún dókítà lè di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú fún àrùn tí kò ní. Ẹni tí creatinine rẹ̀ bá sì ga, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹ̀fun lásán ni, lè fi àrùn gidi sílẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Àyẹ̀wò mìíràn wà, tí wọ́n ń pè ní cystatin C, tí creatine kì í dà rú; dókítà lè lò ó láti fi ya òótọ́ kúrò lára iyèméjì. Ọ̀nà mìíràn tó rọrùn ni kí ènìyàn dá mímu rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò.

Àwọn ìyọlẹ́nu kéékèèké wà tí kò yẹ kó dẹ́rù bani. Ara lè fi kílò 1 tàbí 2 wúwo sí i ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí omi tó ń wọ inú iṣan. Ẹni tó bá mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè ní inú rírun tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìdí fún àgbà láti tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Gíráàmù 3 lójúmọ́ yóò kún inú iṣan láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùúrù kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

Ewu tó tóbi ju ti ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ lọ ni ti ọjà. Àgbádárìgì jẹ́ ìlú ẹnubodè. Ohun tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lè dé orí àtẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọjà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé irin káàkiri àgbáyé, wọ́n ti rí èyí tí wọ́n fi oògùn tí kò tọ́ lú, títí kan àwọn tó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ga tàbí da ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí olùrà wá nọ́ńbà NAFDAC lára ike, kí ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ó sì rí i pé creatine monohydrate nìkan ló wà nínú rẹ̀. Oríṣi yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwádìí dá lé lórí, òun náà ló sì máa ń wọ́n díẹ̀ jù; àwọn oríṣi tí wọ́n fi orúkọ ńláńlá gbówó lé kò tíì fi hàn pé àwọn sàn jù ú lọ. Kò sì dára láti pò ó mọ́ omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, nítorí omi ń sọ ọ́ di creatinine díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ etíkun sì tutù, nítorí náà kí wọ́n dé ike náà pinpin.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ owó dé. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó nǹkan, owó ẹja náà kì í sì í wọlé lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá rí oúnjẹ gidi jẹ kò ní ohun tó kàn án kan ìyẹ̀fun. Àwọn onímọ̀ tó dá ìgbìmọ̀ PROT-AGE sílẹ̀ sọ ní 2013 pé ẹni tó ti lé ní 65 ọdún nílò purotéènì gíráàmù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀, èyí tó ju ohun tí wọ́n ń là kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ. Èyí tako àṣà ilé tí wọ́n ti ń gbé ẹran àti ẹja fún àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n sì ń fi àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lásán nítorí pé eyín rẹ̀ ti ń kú. Ṣáwá tí a yọ egungun rẹ̀, ẹyin, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín kò nílò eyín líle. Ẹni tí dókítà bá ti ní kí ó dín purotéènì kù nítorí kídìnrín rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Ojúṣe wà fún àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀, ìjọ àti mọ́sáláṣí ní àgbàlá tó fẹ̀. Kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀ láti kó àwọn àgbà jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa tọ́ wọn sọ́nà nínú dídìde, jíjókòó àti gbígbé nǹkan, kí nọ́ọ̀sì sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Àwọn tó ń ta oògùn lè bi àgbà ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó gba owó rẹ̀: ṣé ẹ ti yẹ kídìnrín yín wò? Àwọn ọmọ náà lè yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún òbí padà díẹ̀. Kí ọmọ dúró ti bàbá rẹ̀ bí ó ṣe ń gbé korobá, kí ó má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi tó bá rí i pé ó wúwo jù.

Àgbà tó bá fẹ́ lo creatine kò ṣe ohun ìtìjú, kò sì fi ara rẹ̀ sínú ewu bí ó bá tẹ̀ lé ètò. Kí ó yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan. Kí ó jẹun tó yẹ. Bí oṣù méjì bá kọjá tí kò tíì pa ọjọ́ gbígbé nǹkan jẹ, tí owó sì wà lọ́wọ́, kí ó wá ra ìyẹ̀fun, kí ó sì sọ fún dókítà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ètò yìí, ike òfìfo ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè rí i pé bí òun kò tilẹ̀ rí owó ìyẹ̀fun náà, òun ti lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, òun sì ti lè fi ẹsẹ̀ ara òun wọ inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù.